Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Tèmídayọ̀ Fẹ́

Ní ọjọ́ tí Fádáre kọ́kọ́ wọ ilé ìgbẹ̀bí náà, Tèmídayọ̀ ti múra dè é. Ó ti kọ gbogbo ohun tí ilé ìgbẹ̀bí ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe sínú ìwé fífẹ̀. Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àwọn àkọlé, ó sì to àwọn ojú ìwé náà lẹ́sẹẹsẹ. Fádáre kà wọ́n tán lórí ìdúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá wọn padà fún un.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ta ni ó fẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

"Ilé ìgbẹ̀bí ni."

"Ilé kò lẹ́nu tí yóò fi sọ pé òun fẹ́ nǹkan. Ta ni nínú yín?"

Inú bí Tèmídayọ̀. Ó ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí ìwé náà, ọkùnrin tí kò mọ̀ rí yìí sì ń bi í léèrè bí ẹni ń bi ọmọ iléèwé. Ó wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ọkùnrin náà kàn ń dúró de ìdáhùn ni.

Ayé àwọn ológun ni. Epo bẹntiróòlù ti di ohun tí ènìyàn ń sùn tì ní ilé epo, owó oṣù kì í dé lásìkò, bí ó bá sì dé, kì í kájú oúnjẹ. Àwọn dókítà ń kó lọ sí òkè òkun. Ní Ẹdẹ, àwọn ìjọ mélòó kan pawọ́ pọ̀, wọ́n dá ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan sílẹ̀ kí àwọn aboyún má baà máa kú sílé. Ọmọ ìjọ kan tí ó wà ní ìlú òyìnbó fi kọ̀ǹpútà kan ta wọ́n lọ́rẹ. Kọ̀ǹpútà dé, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ kankan ṣe, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Orí tábìlì Mátírọ̀nù ni ó wà lábẹ́ aṣọ funfun, bí ohun tí a fẹ́ gbé sin.

Mátírọ̀nù ni à ń pè ní Màmá Comfort. Òun ni ó gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Alájùé, abúlé kan lẹ́bàá Ẹdẹ, tí ó kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, tí ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sì ti dá jókòó sílé. Ó ránṣẹ́ pè é, ó sọ fún un láìfi epo bọyọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán ni ilé ìgbẹ̀bí lè fún un. Fádáre ní ó tó òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ náà, ó yọ páálí pélébé-pélébé jáde láti inú àpò rẹ̀. Ara páálí oògùn ni ó ti gé wọn, nítorí káàdì gidi ti wọ́n jù. Ó ṣàlàyé ọ̀nà tí òun ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ ni yóò sọ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀, ìfẹ́ kan fún káàdì kan. Nǹkan mẹ́ta ni yóò sì wà níbẹ̀: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, kí ni ó fẹ́, nítorí kí ni ó ṣe fẹ́ ẹ.

Tèmídayọ̀ bi í léèrè ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Fádáre ní, "Bí n kò bá mọ ìdí rẹ̀, n ó ṣe ohun tí ẹ sọ, kò sì ní jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́."

Ó tún bi í bí gbogbo ọ̀rọ̀ yóò ṣe gba orí páálí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Fádáre dáhùn pé kò yẹ kí ó gbà á. Káàdì kì í ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àdéhùn ni pé àwọn méjì yóò jókòó sọ ọ́. Ẹ̀yìn káàdì ni wọn yóò kọ ohun tí wọn yóò fi mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti yọrí. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ káàdì fún ẹni tí a kò bi léèrè.

Tèmídayọ̀ mú páálí kan, ó ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ báyìí: *Èmi, agbẹ̀bí, fẹ́ rí àkọsílẹ̀ aboyún kí ó tó jókòó níwájú mi, kí n má baà tún máa bi í ní ohun tí ó ti sọ fún mi rí.*

Fádáre kà á. Ó ní, "Èyí lẹ́nu."

Orí Tèmídayọ̀ wú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ kí ó hàn. Ó yára mú páálí kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé: *Èmi, aboyún, fẹ́ kí wọ́n tètè dá mi lóhùn.*

Fádáre ní, "Ẹ lóyún ni?"

Ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní rárá.

"Ẹ jẹ́ kí a lọ bi àwọn tí ó lóyún."

Báyìí ni wọ́n ṣe jáde lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aboyún. Láti ìgbà tí Tèmídayọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà rí. Ẹ̀yìn tábìlì ni ó máa ń wà.

Àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ ń tijú. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ nǹkan kan, àwọn dúpẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ la ẹnu sọ̀rọ̀ ni Kúlúsúmù, obìnrin Alájùé kan tí ó ń ta ọṣẹ. Ó ní ohun tí òun fẹ́ ni kí wọ́n yé bi òun níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn iye ọmọ tí òun ti bí, àti iye tí ó kù.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ó ní. "Ẹ ó máa pariwo rẹ̀ bí ẹni ń ka iṣu. Ohun tó bá bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo máa ń sọ. Lọ́jọ́ kan mo ní méjì, lọ́jọ́ kejì mo ní mẹ́rin. Ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tí ó máa ń sọ iye ọmọ rẹ̀ ní òtítọ́ nínú wọn.

Tèmídayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Òun ni ó máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè náà láràárọ̀, ní ohùn tí gbogbo bẹ́ǹṣì yóò gbọ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń rí i pé àwọn àkọsílẹ̀ náà ń ta ko ara wọn, ó sì ti rò pé àìmọ̀kan ni ó ń ṣe àwọn obìnrin náà. Obìnrin tí ó ti bímọ púpọ̀ lè sun ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi kú lórí ìkúnlẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń béèrè. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn rí, àwọn náà kò sì sọ tiwọn.

Wọ́n kọ káàdì Kúlúsúmù ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀: kí a bi aboyún ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó lè sọ òtítọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Tèmídayọ̀ kọ ọ́ sí pé iṣẹ́ yìí yọrí bí ìdáhùn obìnrin kan kò bá yí padà láti ìgbà kan dé òmíràn. Káàdì yẹn ni wọ́n fi ṣáájú gbogbo àwọn yòókù.

Iṣẹ́ náà gba oṣù púpọ̀. Iná kì í dúró, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń wọ́n wọn, nítorí náà ìgbàkígbà tí iná bá dé ni Fádáre ń ṣiṣẹ́. Kì í dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Bí ó bá ti ṣe káàdì kan tán, yóò pe Tèmídayọ̀ kí ó wá lò ó. Tèmídayọ̀ yóò sọ ibi tí kò dára. Fádáre kì í jiyàn. Yóò ní, "Ẹ fi hàn mí," yóò wò ó, yóò sì lọ tún un ṣe.

Èyí ni ó kọ́kọ́ fa Tèmídayọ̀ mọ́ ọn. Ó ti mọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó kàwé. Kò tíì rí èyí tí a lè sọ fún pé ohun tí ó ṣe kò dára, kí ó má bínú.

Wọ́n fi aṣọ pín yàrá kékeré kan sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi àwọn aboyún léèrè. Òtítọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kúlúsúmù sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí ó ti sin, ó sì sọ pé òun sun ẹ̀jẹ̀ dákú nígbà tí òun bí èyí tí ó kẹ́yìn. Wọn kò jẹ́ kí ó rọbí lọ́dọ̀ wọn. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí kí ọjọ́ tó pé. Ó gbé ọmọ wálé, òun náà sì wálé.

Ìyá Tèmídayọ̀ ti kú láti ìgbà tí ó wà ní kékeré. Bàbá rẹ̀, Díákónì Jacob Bámidélé, kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú ìfẹ́ àti ìpalọ́lọ́. Ilé wọn mọ́, ó tòrò, a kì í sì í gbọ́ ohùn obìnrin àgbà níbẹ̀. Ní ilé ìgbẹ̀bí, nígbà tí àwọn ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ bá wá kọ́ àwọn ìyá tuntun bí a ti ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ń na apá, tí wọ́n ń na ẹsẹ̀, Tèmídayọ̀ máa ń dúró wò wọ́n ju bí iṣẹ́ ti béèrè lọ. Ohun tí ó ń fẹ́ ní ilé ọkọ kì í ṣe ọrọ̀. Ìyá ni ó fẹ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí káàdì tí ó kẹ́yìn parí, àwọn méjèèjì wà ní yàrá kékeré náà. Fádáre pa ẹ̀rọ, kò sì dìde. Ìgbà yẹn ni ó kọ́kọ́ yọ 'ẹ' kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń bá a sọ.

"Dáyọ̀, iṣẹ́ ti parí. Èmi kò sì fẹ́ kí ó parí."

"Kí ni o wá fẹ́?"

"Ìwọ ni."

"Nítorí kí ni?"

Fádáre ní, "Nítorí pé o máa ń sọ fún mi nígbà tí n kò bá ṣe dáadáa, inú mi kì í sì í bàjẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lè ṣe é fún mi bẹ́ẹ̀."

Tèmídayọ̀ ní òun gbọ́. Ó ní òun náà fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹbí. Díákónì Jacob ni ó ń kọ́ kíláàsì ìrìbọmi ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi tiwọn. Òun ni ó máa ń dìde níwájú ìjọ láti jẹ́rìí pé ẹni tí ó fẹ́ wọ omi gbàgbọ́ ní tòótọ́. Ní ti Fádáre, Òrìṣà Oko ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń bọ ní Alájùé. Wọn kì í jẹ iṣu tuntun kí òrìṣà tó jẹ ẹ́. Ìyá rẹ̀, Morónkẹ́, ni olórí àwọn obìnrin tí ó ń ṣe ètò ọdún òrìṣà náà.

Tèmídayọ̀ fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ lọ rí àwọn òbí. Fádáre ní kí ó fi í sílẹ̀ fún òun. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ lọ tún ọ̀nà ṣe.

Ó dá lọ bá Díákónì. Nígbà tí ó padà dé, ó ní bàbá ti gbà. Ó dá lọ sí Alájùé, ó ní kò sí wàhálà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, Tèmídayọ̀ gbọ́ orúkọ Fádáre ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárín orúkọ àwọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìrìbọmi. Ẹnu yà á. Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìjókòó, Tèmídayọ̀ kò sì fẹ́ ba ẹ̀rín náà jẹ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bóyá Fádáre ti ronú pìwà dà láìsọ fún òun.

Kúlúsúmù ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì jókòó ti Tèmídayọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ní ìyá ọkọ yín kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ tí ẹ bá bí?"

Tèmídayọ̀ ní kí ó tún un sọ.

Ó tún un sọ. Gbogbo Alájùé ni ó ti gbọ́. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tí Fádáre fẹ́ gbé níyàwó kò ní gbé inú agboolé, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ ọmọ òun pẹ̀lú ọwọ́ àti omi gbígbóná, nítorí ìwé tí ó kà. Morónkẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn sọ pé òun kò ní bá wọn lọ tọrọ ìyàwó. Ẹni tí ó kọ ọwọ́ òun, kí ni ó kù tí òun fẹ́ lọ wò níbẹ̀?

Tèmídayọ̀ gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí Fádáre dé, ó pè é wọ yàrá kékeré.

"Ṣé o sọ fún ìyá rẹ pé n kò ní jẹ́ kí wọ́n wẹ ọmọ mi?"

Fádáre ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé pé òun mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì kò fẹ́ràn bí àwọn àgbà ti ń wẹ ọmọ. Òun kò fẹ́ kí Tèmídayọ̀ fúnra rẹ̀ wá di ẹni tí yóò sọ ọ́ lójú àna. Òun fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìtìjú ni.

"Ta ni o bi?"

Fádáre bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn káàdì orí tábìlì.

"Dáre, mo ní ta ni o bi?"

"N kò bi ẹnì kankan."

"Òfin kan ṣoṣo ni o ṣe fún wa níbí, ìwọ ni o sì rú u. Nítorí kọ̀ǹpútà, o lọ jókòó ti àwọn aboyún lórí bẹ́ǹṣì. Nítorí tèmi, o dá nìkan jókòó, o sì fẹnu mi sọ̀rọ̀. Ìrìbọmi ńkọ́? Ṣé o gbàgbọ́?"

Fádáre wo ilẹ̀. "N kò tíì mọ̀."

"Ṣùgbọ́n o sọ fún bàbá mi pé o mọ̀."

"Mo fẹ́ kí wọ́n gbà."

Tèmídayọ̀ sọ fún un pé ìyá ni òun ń wá láti ìgbà tí òun ti gbọ́n, àti pé Fádáre ni ó ti ìlẹ̀kùn ìyá náà mọ́ òun lójú. Kò pariwo. Ó ní kí ó lọ, kí ó má sì padà wá títí yóò fi sọ òtítọ́ fún bàbá òun. Fádáre ní òun yóò kọ́kọ́ lọ sí Alájùé láti tún ọ̀rọ̀ ti ìyá òun ṣe.

Tèmídayọ̀ ní, "Rárá. Má tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ mi mọ́."

Èyí ni ó mú kí ó pinnu láti lọ fúnra rẹ̀. Màmá Comfort kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní a kò gbọ́ ọ rí pé kí ọmọbìnrin fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé àna kí wọ́n tó wá tọrọ rẹ̀, àti pé wọn yóò ní ọkọ ló ń wá kiri. Tèmídayọ̀ ní kí wọ́n máa wí. Màmá Comfort wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì wé gèlè rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò sí ọkọ̀ nítorí ọ̀wọ́n epo, nítorí náà ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Alájùé.

Wọ́n bá Morónkẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ga, ó gbó, ojú rẹ̀ sì jọ ti ọmọ rẹ̀. Tèmídayọ̀ kúnlẹ̀.

Morónkẹ́ kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ìyàwó aláṣọ funfun. Ẹ rọra o, kí iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ wa má ta sí yín láṣọ."

"Mà, n kò sọ ohun tí wọ́n sọ pé mo sọ. A kò bi mí."

"Wọn kò bi ọ́?"

"Wọn kò bi mí, mà."

Morónkẹ́ bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó sọ ọ́ sínú abọ́. "Ó dáa. Èmi ń bi ọ́ nísinsìnyí. Bí o bá bímọ, ṣé n ó wẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ ó wẹ̀ ẹ́, mà. Ìyá mi kò sí láyé. Bí ẹ kò bá wẹ̀ ẹ́, n kò ní ẹni tí yóò bá mi wẹ̀ ẹ́."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Morónkẹ́. Ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ṣé n ó fún un ní àgbo?"

Màmá Comfort wúkọ́. Tèmídayọ̀ mọ ìdáhùn tí yóò dùn ún gbọ́. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, òun náà yóò ti ṣe ohun tí Fádáre ṣe.

"Rárá, mà. Ọmú nìkan ni yóò kọ́kọ́ máa mu."

"Òrìṣà wa ńkọ́?"

"N kò ní bọ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má bọ ọ́. Bí ẹ bá sì ní kí n má jẹ iṣu tuntun nínú ilé yín kí ọdún tó dé, n kò ní jẹ ẹ́."

Àwọn adìyẹ ń ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ jẹ. Màmá Comfort ti ń wo ọ̀nà tí wọn yóò gbà padà.

Morónkẹ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni méjì, rárá méjì. Mo ti rí ìyàwó tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ohun gbogbo, tí kò sì ṣe ọ̀kan." Ó na ọ̀bẹ kan sí i. "Dìde lórí ìkúnlẹ̀. Jókòó, kí o bá mi bó o."

Tèmídayọ̀ jókòó, ó bó o. Kò mọ̀ ọ́n bó dáadáa. Morónkẹ́ wo ohun tí ó ṣẹ́ kù lára ẹ̀gẹ́ náà, ó ní, "Ṣé báyìí ni ẹ ṣe ń gé ìwọ́ ọmọ ní ilé ìwòsàn yín?" Màmá Comfort ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ti Díákónì Jacob kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Fádáre wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí. Ó ní òun purọ́. Òun kò sọ pé òun kò ní gbàgbọ́ láéláé, ṣùgbọ́n òun kò gbàgbọ́ báyìí, òun kò sì fẹ́ wọ inú omi nítorí ìyàwó. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò.

Díákónì ní kí ó dìde, kí ó máa lọ. Kò bú u. Ó kàn ṣí ìlẹ̀kùn fún un.

Nígbà tí ó lọ tán, Tèmídayọ̀ wá jókòó níwájú bàbá rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó bi í léèrè ohun tí ó dùn ún jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì dúró de ìdáhùn.

Bàbá ní láti ọdún tí òun ti ń kọ́ kíláàsì náà, àwọn ọmọkùnrin máa ń wá nítorí ọmọbìnrin ìjọ. Òun máa ń mọ̀. Ojú wọn kì í sí lórí ìwé, ojú fèrèsé ni ó máa ń wà. Síbẹ̀ òun máa ń dìde níwájú ìjọ, òun a sì jẹ́rìí sí wọn, nítorí òun kò fẹ́ kí a sọ pé òun ni kò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ rí ọkọ fẹ́. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, a kì í rí wọn mọ́.

"Mo ti jẹ́rìí èké níwájú Ọlọ́run ju bí mo ti lè kà lọ," ó ní. "Nígbà tí ti ọmọ tèmi wá dé, mo rò pé èyí yóò jẹ́ òtítọ́. Mo yọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi dùn mí."

Tèmídayọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá ní, "Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó padà wá sọ fún mi kí ó tó wọ omi. N kò lè ní kí ìjọ so yín pọ̀. Òfin wa kò gbà á, n kò sì ní bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rú u. Bí ẹ bá fẹ́ ara yín, ẹ lọ sí kóòtù."

Tèmídayọ̀ bi í bóyá yóò bá àwọn lọ. Bàbá dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Wọ́n tọrọ ìyàwó ní ìrọ̀rùn, láìsí ariwo. Àbúrò Díákónì kan ni ó gbà wọ́n lálejò. Morónkẹ́ wá, ó jókòó ní iwájú. Díákónì wà nínú yàrá rẹ̀, ó ní ara òun kò yá. Tèmídayọ̀ mọ̀ pé ara rẹ̀ yá. Inú rẹ̀ dùn ní ọjọ́ náà, ó sì bàjẹ́, kò sì fi èyíkéyìí pa mọ́ fún Fádáre. Fádáre ní òun yóò dúró fún ọdún mìíràn bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tèmídayọ̀ ní rárá, àwọn yóò lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kóòtù, bàbá ti jáde kí Tèmídayọ̀ tó jí. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí ó ń lọ sí Òṣogbo ni wọ́n bẹ̀ kí ó gbé wọn, nítorí òun nìkan ni ó rí epo rà. Nígbà tí wọ́n wọ inú kóòtù, akọ̀wé béèrè ẹni tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí fún ìyàwó. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń dìde.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn. "Èmi ni."

Díákónì Jacob ni, nínú ẹ̀wù dúdú tí ó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti fẹsẹ̀ rìn wá láti ìdájí, ó ti ṣáájú wọn dé, ó ti jókòó sí igun ibi tí wọn kò wò. Ó wá sídìí tábìlì, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó sì ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀. Akọ̀wé fi ibi tí yóò fọwọ́ sí hàn án. Kò dá a lóhùn títí ó fi kà á tán. Ó gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀, ó wo Fádáre.

Ó bi wọ́n pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí láàárín ẹ̀yin méjèèjì, bí wọ́n ti kọ ọ́ síbí?"

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Èyí, mo lè jẹ́rìí sí i." Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni gbogbo wọn jókòó sí lórí pákó. Díákónì àti Fádáre wà ní apá kan. Bàbá kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ẹdẹ. Nígbà náà ni ó sọ fún àna rẹ̀ pé kíláàsì òun ṣì ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kì í ṣe dandan. Fádáre ní òun ti gbọ́, sà.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó sì fẹ́ ṣí gèlè Tèmídayọ̀ kúrò lórí. Morónkẹ́ na ọwọ́, ó bá a fà á wálẹ̀, ó tún un wé. Ọwọ́ rẹ̀ le, ó sì gbóná.

Ó ní, "Sún mọ́ mi, ọmọ mi."

Tèmídayọ̀ sún mọ́ ọn.